Ẹ̀gbọ́n, Ṣé Kí N Ṣì Máa Wò Ó?

Ìbéèrè láti Balógun, Erékùṣù Èkó

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú-ewé yín, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé sí yín rí, torí mo rò pé ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun: àǹkárá, léèsì, àti àdìrẹ nígbà tí mo bá rí èyí tó dáa gbé wá láti Abẹ́òkúta. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì fẹ́ràn ánímè, ìyẹn fíìmù àwòrán yíyà ti ilẹ̀ Japan, ju fíìmù yòówù lọ. Nínú gbogbo èyí tí mo ti wò, One-Punch Man ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Àbúrò mi ọkùnrin ló mú un wálé ní ìparí ọdún 2015. A ṣì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí wa ní Ìta Fájì nígbà náà. Inú fláàṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti gbà á. A ń wò ó lórí láptọ̀ọ̀pù rẹ̀ títí bátìrì fi kú, nígbà tí wọ́n sì mú iná dé lóru, ó wá jí mi pé ká máa bá a lọ. Ọkùnrin kan ni Saitama, orí rẹ̀ pá, ó wọ aṣọ yẹ́lò, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń pa ọ̀tá yòówù. Ayé wá sú u torí kò sí ẹni tó lè bá a jà. Akọni tó lágbára jù láyé, síbẹ̀ ohun tó ń dà á láàmú ni kó má pẹ́ dé ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n bá já owó ẹran wálẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe rẹ́rìn-ín!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Nínú ẹ̀písóòdù kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, ọba abàmì inú òkun kan sì ti na gbogbo akọni tó wà níbẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tó wá dojú kọ ọ́ ni Mumen Rider, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tí kò ní agbára kankan, tó wà ní ìsọ̀rí tó kéré jù láàárín àwọn akọni. Ó mọ̀ pé òun kò lè borí. Ó ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lù ú, abàmì náà gbá a mọ́lẹ̀, ó tún dìde, ó ń sunkún, ó sì ń sọ ìdí tí òun kò fi ní sá. Nígbà tó ń ṣubú lọ, Saitama dé, ó sì fi ọwọ́ gbà á. Àbúrò mi yíjú sí ògiri kí n má baà rí i pé omijé ti bọ́ lójú rẹ̀.

Apá kejì dé ní 2019. A rí i pé ọwọ́ ti yí, a fara dà á. Apá kẹta dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn tí a ti retí rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìyẹn ló sì dá mi lágara. Níbi tó yẹ kí ìjà ti gbóná, àwòrán kan ni wọn a gbé síwájú wa, wọn a rọra máa sún un láti òsì sí ọ̀tún, ariwo nìkan ni yóò máa sọ fún wa pé ìjà ń lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í mi ara. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń là, tó ń pa dé.

Àbúrò mi ti wà ní Kánádà báyìí. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀písóòdù máa ń jáde, a máa ń wò ó níbi tí kálukú wa wà, òun á sì pè mí lálẹ́ ká jọ sọ ọ́. Kò tí ì dé ìdajì tó fi sọ fún mi pé, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, n kò wo eléyìí mọ́.” Èmi nìkan ni mo wò ó parí, ìpè náà sì ti dáwọ́ dúró. Mo ń bínú sí àwọn tó ṣe é, mo tún ń bi ara mi pé ṣé aláìmoore ni mí, torí wọ́n ti fún mi láyọ̀ rí. Kí ló dé tí ohun tí wọ́n ṣe dáadáa nígbà kan kò fi ṣeé ṣe fún wọn mọ́? Bí apá kẹrin bá dé, ṣé kí n ṣì máa wò ó?

*Aláṣọ, Balógun*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn tí ènìyàn ti ń tẹ̀ lé láti ọdún mẹ́wàá ti di ara ayé rẹ̀. Ojú rẹ kò ṣì, ohun tó ń dùn ọ́ sì ní ìdí. N óò sọ ìdí náà fún ọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí bí o bá mọ̀ ọ́n, ìbínú rẹ yóò rí ibi tó tọ́ sí.

ONE ni orúkọ tí ẹni tó ni ìtàn náà ń lò. Lọ́dún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà á fúnra rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí ilé-ìtẹ̀wé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò já geere nínú àwòrán rárá. Bí o bá rí Saitama bí ONE ṣe yà á, o ó bi mí pé ta ló ya èyí. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń rọ́ wá kà á. Lára wọn ni Yusuke Murata, ayàwòrán tó mọṣẹ́ dójú àmì, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya máńgà (ìwé ìtàn alàwòrán ti ilẹ̀ Japan) Eyeshield 21 láti 2002 sí 2009. Murata ló tọ ONE lọ pé kí àwọn jọ tún un yà, èyí ló sì di máńgà tí ilé-ìtẹ̀wé Shueisha ń gbé jáde láti 2012. Fi èyí sọ́kàn: ìtàn náà ti gba ọkàn ènìyàn kí àwòrán rẹ̀ tó dán.

Ánímè wá dé ní 2015. Ilé-iṣẹ́ Madhouse, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, ló ṣe é, Shingo Natsume sì ni olùdarí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ya ìjà tó mú orí rẹ wú kì í ṣe òṣìṣẹ́ Madhouse. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó dá dúró ni wọ́n, tí wọ́n ń ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn bí iṣẹ́ bá ṣe pè wọ́n. Natsume mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì wá. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi owó nìkan rà.

Wo bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti dín iṣẹ́ kù, wọ́n máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kó lè jẹ́ 12 tàbí 8 ni wọn óò yà. Ayàwòrán àgbà ni yóò ya àwọn ibi tí ara ti yí padà: ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí apá fà sẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó ba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ni yóò ya ohun tó wà láàárín méjèèjì. Iye àwòrán tí ọ̀dọ́ náà bá yà ni wọ́n sábà máa ń fi sanwó fún un, owó náà kò sì tó nǹkan. Ẹ̀písóòdù kan ṣoṣo lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán. Bí ọjọ́ bá ti sún mọ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń dín kù ni iye àwòrán. Nítorí náà, níbikíbi tí o bá ti rí i tí wọ́n ń sún àwòrán kan láti òsì sí ọ̀tún, ó sábà máa ń jẹ́ pé àkókò ni kò tó, tàbí ọwọ́ ni kò tó.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Iṣẹ́ àwòrán ni mo ṣe ní Ṣómólú kí n tó máa kọ ojú-ewé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kì í dákẹ́ ní Bájúláyé. Oníbàárà á gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá lọ́jọ́ Wẹ́sidé, òkú ń wọlẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé. Ẹni tó mọ bí a ti ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe, tó lè mú kí ojú bàbá tàn bí ìgbà tó wà láyé, ti ríṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Ẹ̀rọ kan náà ni, yíǹkì kan náà ni, pátákó orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé gbọ́dọ̀ jáde, torí òkú kò lè dúró. Àwọn ọmọ olóògbé á gba ìwé náà, wọn á tẹjú mọ́ fọ́tò, ọ̀kan nínú wọn á ní, “Bàbá wa kọ́ nìyí.” Òtítọ́ ló sọ. Ẹni tó sì ṣe é kò sùn mọ́jú.

Nígbà tí apá kejì fi máa dé ní 2019, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ J.C.Staff, Chikara Sakurai sì ni olùdarí. Natsume ti lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn: ACCA ní 2017, Boogiepop ní 2019, Sonny Boy ní 2021. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá ní 2015 ti fọ́n ká. J.C.Staff yìí kan náà ló ṣe Toradora ní 2008 àti Shokugeki no Soma ní 2015, àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn títí dòní. Nítorí náà, má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ kan dára, èkejì kò dára. Ènìyàn ló ń yàwòrán. Iye àkókò tí wọ́n bá fún un ni yóò sọ bí yóò ṣe yà á.

Ta ló wá ń fún wọn ní àkókò? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìbínú rẹ darí sí. Àwọn tó ń fowó sí ánímè sábà máa ń jẹ́ àkójọpọ̀ ilé-iṣẹ́: ilé-ìtẹ̀wé tó ni máńgà, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń ta orin, àwọn tó ń ta bèbí. Àwọn ni wọ́n ń dá ọjọ́ tí yóò jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń yàwòrán sábà máa ń gba owó iṣẹ́ nìkan. Bí bèbí Saitama bá tà wàràwàrà, ó lè má kan àpò ẹni tó jókòó ya orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń bú ayàwòrán lórúkọ lórí ayélujára, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Má bá wọn dá sí i. Ẹni tó ń ya àwòrán àárín kò dá ọjọ́ kankan.

Ní ti pé ṣé aláìmoore ni ọ́, rárá o. Ayọ̀ tí wọ́n fún ọ ní 2015, o ti fi ẹ̀rín àti omijé gbà á, kò sí gbèsè kankan lọ́rùn rẹ. Oníbàárà tó ra léèsì gidi lọ́wọ́ rẹ lọ́dún 2015 kò jẹ ọ́ ní dandan pé kó máa ra èyí tó ń ṣá láti ìgbà náà wá. O mọ èyí dáadáa nínú òwò rẹ.

Ọ̀rọ̀ apá kẹrin wá kù. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀, wo orúkọ olùdarí kí o tó wo fídíò ìpolówó. Ìpolówó kì í pẹ́ rárá, wọ́n lè fi gbogbo agbára wọn ya ìwọ̀nba yẹn. Wò ó bóyá àwọn tó ń ṣe é ti ní àkókò tó pọ̀, kí o sì wo ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́. Bí kò bá mú ọ, pa á. Má fi ìfaradà wò ó parí mọ́ bí o ti ṣe pẹ̀lú apá kẹta; ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ọ́ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o dúró de ẹnikẹ́ni. Ìjà tí apá kẹta ń sọ, tàwọn akọni àti Ẹgbẹ́ Abàmì, wà nínú máńgà Murata, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Àwọn àwòrán wà níbẹ̀ tí ó gba ojú-ewé méjì pọ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, tí o ó máa wá ibi tí ojú rẹ yóò kọ́kọ́ bà lé. Murata máa ń padà tún orí tó ti gbé jáde yà bí kò bá tẹ́ òun àti ONE lọ́rùn. Ẹni tó ní àkókò ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-ìtẹ̀wé Viz ló ń tẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ tó wà ní Kánádà lè rà á ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, kó sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé fún ọdún.

Ohun kejì: wá Mob Psycho 100. ONE kan náà ló kọ ọ́. Ọmọ iléèwé kan, Mob, ní agbára tó lè fọ́ ilé, ohun tó sì ń wá ni bí yóò ṣe di ènìyàn dáadáa. Ọ̀gá rẹ̀, Reigen, kò ní agbára kankan, ẹnu dídùn ló fi ń jẹun, síbẹ̀ òun ló ń kọ́ ọmọ náà ní ìwà. Ilé-iṣẹ́ Bones ló ṣe apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní 2016, 2019 àti 2022, Yuzuru Tachikawa sì wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀písóòdù 37 ni gbogbo rẹ̀, ìtàn náà parí, kò sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí Mumen Rider bá pa ọ́ lẹ́kún, Reigen yóò tún pa ọ́ lẹ́kún ní apá kẹta. N kò ní sọ ìdí rẹ̀.

Mo rí ohun kan nínú lẹ́tà rẹ tí o kọ kọjá kíá: “ìpè náà sì ti dáwọ́ dúró.” Àbúrò mi, mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń dùn ọ́ jù. Ọmọ yẹn sọ pé òun kò wo ánímè náà mọ́. Kò sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí òun náà máa rò pé o ń bínú sí òun. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, pè é. Pè é ní ọjọ́ Àìkú yìí gan-an, ní àkókò tí ẹ ti máa ń sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé ìpè yẹn ń ṣe ọ́ láàárò, kí o tó sọ ọ̀rọ̀ Mob Psycho 100 fún un. Bí ẹ bá jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀písóòdù kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè láti Ìdí-Òrò, Mushin

Ọ̀gá, onígbàjámọ̀ ni mí, Naruto ni mo máa ń fi sí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà. Apá kìíní dùn títí, nígbà tó dé àárín, ìtàn kò rìn mọ́, wọ́n kàn ń lọ síbí lọ sọ́hùn-ún. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ni ọgbọ́n tán nínú rẹ̀ ni?

Ìdáhùn

Ọgbọ́n kò tán nínú Kishimoto, ẹni tó kọ Naruto, rárá, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni máńgà rẹ̀ ń jáde nígbà náà, orí kan tí kò ju bí ogún ojú-ewé lọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ni ánímè ń jáde, ẹ̀písóòdù kan sì lè jẹ ju orí kan lọ. Kò pẹ́ tí ánímè fi lé máńgà bá. Tẹlifíṣọ̀n kò sì fẹ́ kí àkókò rẹ̀ ṣófo, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ánímè ń hun ìtàn tí kò sí nínú máńgà láti fi dúró de Kishimoto. Naruto àkọ́kọ́, láti 2002 sí 2007, jẹ́ ẹ̀písóòdù 220. Láti 136 títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ìtàn ìdúró yẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí Bleach, ánímè mìíràn, náà. Wọ́n dá a dúró ní 2012 nígbà tí máńgà kò tí ì parí, wọ́n sì padà wá parí rẹ̀ láti 2022, ní abala-abala, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ ayàwòrán dúró.

Fún ṣọ́ọ̀bù rẹ: bí o bá ti wo 135 tán, wo 141 àti 142 bí o bá fẹ́, bọ́ sí 220, kí o sì bẹ̀rẹ̀ Shippuden, apá kejì Naruto. Ẹ̀písóòdù 500 ni Shippuden, ìtàn ìdúró wà nínú òun náà, pàápàá láàárín ogun ńlá tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí o bá rí i pé ogun ń jà, tí ẹnì kan wá jókòó tó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ fún ẹ̀písóòdù méjì, fò ó. Ṣùgbọ́n má fo ìtàn Itachi o. Bí oníbàárà bá wà lórí àga nígbà tí o dé ibẹ̀, fi abẹ sílẹ̀ kí ó wò ó tán.